Ariwo Níbi Tí Kò Sí Afẹ́fẹ́

"Mo gbọ́ ariwo níbi tí kò sí afẹ́fẹ́," ni Elétí wí, iná pupa sì tàn lórí rẹ̀.

Fadérera gbé ọ̀pá tó fi ń darí orin sílẹ̀. Àwọn eléré dákẹ́, àfi ọkùnrin onífèrè idẹ kan tó wà lẹ́yìn, tí kò tètè rí ọwọ́ rẹ̀, tó sì fọn fèrè náà díẹ̀ sí i kó tó mọ̀ pé òun nìkan ló kù.

"Níbo lo ti gbọ́ ọ?" ni Fadérera bi ẹ̀rọ náà.

"Níbi tí ọkọ̀ ti yí padà. Níbi tí òkúta ti gbá a. Níbi tí ìyẹ́ rẹ̀ ti já. Níbi tí..."

"Ó ti tó."

Elétí kò tóbi ju páálí bisikíìtì lọ. Orí àga ni wọ́n gbé e sí láàárín gbọ̀ngàn, wọ́n sì so wáyà rẹ̀ mọ́ ara ògiri. Ohunkóhun tó bá gbọ́ ní Ìkìrun, wọ́n ti gbọ́ ọ ní Ilé Ìgbọ́, ọ́fíìsì tó ń ṣọ́ ohùn fíìmù ní Òṣogbo, nìyẹn. Ohùn rẹ̀ kì í le, bẹ́ẹ̀ ni kì í rọ̀. Kò sí ẹni tó lè bẹ̀ ẹ́, kò sì sí ẹni tó lè bú u kó dùn ún, bóyá ìdí nìyẹn tí gbogbo àwọn tó ń ṣe fíìmù fi kórìíra rẹ̀ ju èèyàn ẹlẹ́ran ara lọ.

Gbádébọ̀ tó ni fíìmù tí wọ́n ń ṣe orin sí dìde níbi tó jókòó sí. Ọkùnrin gíga ni, kì í sì í pẹ́ bínú. "Orin ni wọ́n ń ṣe! Orin! Ìgbà wo ni Òfin Afẹ́fẹ́ ní ká má ṣe orin mọ́?"

"Òfin Afẹ́fẹ́ kò ní kí ẹ má ṣe orin," Elétí dá a lóhùn. "Ẹni tó ń wòran ló ni orin. Ohun tó ń lọ nínú àwòrán ló ni ariwo. Ohùn tó bá bọ́ sílẹ̀ gẹ́lẹ́ nígbà tí ohun kan mira, ohun náà ló ni ín. Ọkọ̀ yín wà níta ayé, lókè réré. Kò sí afẹ́fẹ́ níbẹ̀, níbi tí kò bá sì sí afẹ́fẹ́, ohunkóhun kò gbọ́dọ̀ dún."

Gbádébọ̀ wo àpótí kékeré náà, ó tún jókòó. Kí lèèyàn fẹ́ bá páálí jà fún?

Ọ̀la ni ìgbọ́ gbangba. Gbogbo ìlú ló máa wá wòran, àwọn eléré á máa ṣeré lójúkojú, Elétí á sì máa gbọ́. Ẹgbẹ́ tí fíìmù rẹ̀ bá kùnà lọ́jọ́ náà, ìbáà jẹ́ iná pupa ló kọ̀ ọ́, ìbáà jẹ́ àwọn èrò ló dìde lọ kó tó parí, gbọ̀ngàn rẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Àwọn oníbátìrì, tí wọ́n fẹ́ máa kó bátìrì iná wọn sínú gbọ̀ngàn náà, ti wá yẹ ibẹ̀ wò. Wọ́n ti wọn ògiri, wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà síbi tí àwọn bátìrì ńláńlá wọn máa dúró sí, ilà kan tilẹ̀ gba abẹ́ àga Fadérera kọjá. Wọ́n sì kí àwọn eléré pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí èèyàn ṣe máa ń kí aláìsàn tó mọ̀ pé kò ní dìde mọ́.

Fadérera yíjú sí àwọn èèyàn rẹ̀. "Ẹ̀ ń wo ọkọ̀ náà," ó ní.

 Ìyá Mobọ́lájí tó ń ta sẹ́lò, gòjé ńlá tí wọ́n ń gbé sílẹ̀ ta, tó sì dàgbà jù láàárín wọn, tún gèlè rẹ̀ ṣe.

"Màmá, ẹ̀ ń wò ó."

"À ń wò ó, ọmọ mi, mi ò ní purọ́ fún ẹ. Láti kékeré ni mo ti ń ṣeré fún oníjó. Ẹsẹ̀ oníjó ni wọ́n ní ká máa wò, ká má wo ọwọ́ ara wa. Bó bá mi èjìká, ká bá a mì í. Ọkọ̀ yẹn wá ń jó níwájú mi, o ní kí n ṣe bí ẹni pé mi ò rí i. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣe é?"

Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n ń mi orí sí i. Bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wọn nìyẹn. Wọ́n ti ṣeré níbi ìgbéyàwó, níbi ìsìnkú, ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìkórè, kó tó di pé Fadérera kó wọn jọ, tó gbé ìwé orin síwájú wọn, tó sì ní orí ìwé ni kí wọ́n fojú sí. Gbádébọ̀ ló wá ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́ pátápátá. Ó ní kò yẹ kí èèyàn ṣiṣẹ́ lórí ohun tí kò wò, ó ra púfpúf, ó sì fi fíìmù náà hàn wọ́n títí wọ́n fi mọ ọ́n bí ẹni mọ ọ̀nà ilé. Láti ìgbà yẹn, bí òkúta bá ti fẹ́ gbá ọkọ̀ báyìí, ọwọ́ wọn á ti wà lókè.

Ká sọ tòótọ́, ọkọ̀ náà nílò ìrànlọ́wọ́. Tánkì omi ni, wọ́n kàn kùn ún ní ọ̀dà funfun ni. Ìdérí ìkòkò ni fèrèsé rẹ̀, páànù tí wọ́n sì tú kúrò lórí ilé adìẹ bàbá Gbádébọ̀ ni ìyẹ́ rẹ̀. Ohùn ló ń sọ ọ́ di ọkọ̀. Nínú rẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ wà tí òfin kò sì ní wàhálà, Fadérera ti ṣe bẹbẹ. Ó gba ohùn ẹ̀rọ ìlọta sílẹ̀, ó fà á gùn títí tó fi di ohùn ẹ̀rọ ọkọ̀. Ìgò mínírà tí wọ́n rọra ṣí ló di ìlẹ̀kùn. Epo tó ń ta nínú agbada ló di rédíò tí wọ́n fi ń bá ará ilé sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá dijú gbọ́ gbogbo rẹ̀ á gbà pé òun ti fi ilẹ̀ sílẹ̀. Ìgbà tí àwòrán bá jáde síta ọkọ̀ ni àṣírí á tú.

"Ta ni Ilé Ìgbọ́ ń rán bọ̀ lọ́la?" ni Ìyá Mobọ́lájí bèèrè.

"Alàgbà Oyèkànmí," Gbádébọ̀ ní.

"Bàbá Láoyè?"

"Òun náà ni."

Ẹ̀rín tán. Kò sí ọmọ iléèwé tí kò mọ orúkọ Láoyè. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn òde Pèpéle, ibùdó ńlá tó ń yí ayé po lókè, níbi tí ìdajì àwọn ọ̀dọ́ agbègbè náà ti ń jẹun, nígbà tí irin kan já, tó sì gba ẹ̀yìn wá pa wọ́n. Wọ́n bi ẹnì kan ṣoṣo tó yè léèrè ọ̀rọ̀, ohun tó sì ń tẹnu mọ́ ni pé àwọn ò gbọ́ ọ. Inú fíìmù ni wọ́n dàgbà sí, bẹ́ẹ̀ nínú fíìmù, kò sí ohun tó ń bọ̀ lókè tí kì í pariwo. Bàbá Láoyè ló gbé ọ̀rọ̀ náà kiri, láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì, títí ó fi di Òfin Afẹ́fẹ́.

"Ẹ yí àga yín padà," Fadérera ní. "Ẹ kọjú sí ògiri."

Wọ́n kọjú sí ògiri, wọ́n ṣe orin náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin, Elétí sì tan iná aláwọ̀ ewé. "Mi ò gbọ́ ariwo," ó ní. Kò sẹ́ni tó yọ̀, torí gbogbo wọn ti yọjú wo àwòrán náà nígbà tó ń parí. Orin ń lọ lọ́tọ̀, ọkọ̀ ń lọ lọ́tọ̀. Òkúta gbá tánkì omi, tánkì omi yí bírí, ìdérí ìkòkò sì já bọ́. Gbádébọ̀ fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ó fọwọ́ bojú.

"Wọ́n á dìde lọ," ó ní. "Kí ọkọ̀ náà tó kúrò nílẹ̀ rárá ni wọ́n á ti dìde lọ."

Ó jáde, ó lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó wà ní Ìlọrin sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹni tí wọ́n ti gba fíìmù rẹ̀ wọlé lọ́dún tó kọjá láìsí wàhálà kankan. Nígbà tó padà wọlé, ojú rẹ̀ ti là. Ó gbé aṣọ àwòrán kékeré kan kọ́ sára ògiri níwájú àwọn eléré.

"Tiyín nìyí," ó ní. "Ẹ máa wo ọkọ̀ yín níbẹ̀, ẹ bá a jó bó ṣe wù yín. Mo ti jẹ́ kí tiyín rọ́ sẹ́yìn díẹ̀ sí àwòrán ńlá, kò tó kéèyàn ṣẹ́jú. Etí èèyàn ò lè mọ̀. Ṣùgbọ́n Elétí ti le jù, ohun tó bá bọ́ sílẹ̀ gẹ́lẹ́ nìkan ló mọ̀."

Wọ́n gbìyànjú rẹ̀. Ọkọ̀ yí, àwọn fáólíìnì bá a yí. Òkúta gbá a, àwọn onífèrè idẹ fọn ún bí ẹni pé àwọn gan-an ni wọ́n gbá. Tánkì omi kò sí mọ́. Ọkọ̀ òfurufú ńlá kan ló ń fọ́ níwájú wọn, ara Fadérera sì bù máṣọ níbi tó dúró sí. Nígbà tó parí, Elétí ní òun kò gbọ́ ariwo. Gbogbo ilé hó yèè, Ìyá Mobọ́lájí dìde jó yí sẹ́lò rẹ̀ ká.

Ọ̀sán ni Pèpéle máa ń kọjá lókè Ìkìrun, ìgbà yẹn nìkan sì ni àwọn ará ilé lè bá èèyàn wọn sọ̀rọ̀. Ó ti tó ọdún kan tí Ẹniọlá, àbúrò Fadérera lóbìnrin, ti wà níbẹ̀. Ojú rẹ̀ yọ lórí gíláàsì fóònù Fadérera níta gbọ̀ngàn, ó wú díẹ̀ bí ojú gbogbo ará òkè ṣe máa ń wú.

"Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ ti rí iná gíríìnì?"

"A ti rí i. Wá wò ó."

Fadérera fi ibi tí ọkọ̀ ti fọ́ hàn án. Inú rẹ̀ ń dùn, ojú àbúrò rẹ̀ ló sì ń wò, kò wo àwòrán. Ó rí i tí Ẹniọlá ya ẹnu. Ó rí i tó fà sẹ́yìn nígbà tí àwọn fèrè idẹ bú sókè. 

"Ó dùn, Àǹtí mi. Ó dùn gan-an ni. Mo gbọ́ òkúta yẹn."

"Orin ni o. Elétí ti fọwọ́ sí i pé orin ni."

"Mo mọ̀. Elétí gbà, etí mi ò gbà." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. "Mi ò sọ èyí fún yín rí, kí Màmá má bàa gbọ́. Lọ́sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ jáde síta, mò ń so pátákó oòrùn kan mọ́lẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kàn ṣàdédé fà mí lẹ́sẹ̀, mo bínú sí i. Ìgbà tí mo gbójú sókè ni mo rí irin kan tó ń kọjá lọ níbi tí orí mi wà tẹ́lẹ̀. Àǹtí mi, mò ń retí kó dún ni. Wọ́n kọ́ wa o. Wọ́n kọ́ wa, wọ́n tún un kọ́ wa, pé ohunkóhun ò ní dún. Mo yege dáadáa nínú ìdánwò rẹ̀. Orí ló kẹ́kọ̀ọ́, etí ò kẹ́kọ̀ọ́."

Fadérera sún mọ́ gíláàsì náà. "Báwo lo ṣe wá ń ṣe é báyìí?"

"Bí gbogbo nǹkan bá ti tutù minijọ, tí mo rí i pé ọkàn mi ti balẹ̀ jù, ìgbà yẹn ni mo máa ń bojú wẹ̀yìn. N kì í dúró de..."

Àwòrán rẹ̀ gé. Pèpéle ti kọjá lọ.

Fadérera jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ́. Ohun tó ń dà á láàmú jù ni pé kò sẹ́ni tó máa mú un. Elétí ti sọ̀rọ̀, ohun tí Elétí bá sì sọ ni Alàgbà Oyèkànmí máa fọwọ́ sí, torí etí tirẹ̀ jẹ́ etí àgbàlagbà. Bàbá náà máa jókòó síwájú Fadérera àti àwọn eléré rẹ̀ lọ́la, wọ́n máa fi ohun tó pa ọmọ rẹ̀ ṣeré lójú rẹ̀, yóò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ojú ti Fadérera. Ó tún rántí ilà ṣọ́ọ̀kì tó wà lábẹ́ àga rẹ̀, ẹ̀rù sì bà á.

Ó padà wọ gbọ̀ngàn lọ, ó sì tú aṣọ àwòrán kékeré náà kúrò lára ògiri.

"Kí lò ń ṣe yẹn?" ni Gbádébọ̀ bi í.

"Mò ń yọ ọ́ ni, Bọ̀ọ̀dá."

"Orí ẹ dà rú? Ẹ̀rọ ti gbà á!"

"Ẹ̀rọ kò ní lọ sí Pèpéle."

"Àwọn tó ń lọ, ṣebí wọ́n ń kọ́ wọn? Fíìmù tèmi nìkan ló máa pa wọ́n?" Ohùn rẹ̀ ti lọ sókè. "Fadérera, ilé adìẹ bàbá mi ni mo tú páànù rẹ̀. Bàbá ò tíì bá mi sọ̀rọ̀ títí di òní. Bí wọ́n bá dìde lọ lọ́la, kí ni mo fẹ́ fi hàn pé mo ṣe?"

"Wọn ò ní dìde lọ."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

Kò mọ̀. Ó yíjú sí Ìyá Mobọ́lájí. "Màmá, bí ẹ bá ń ṣeré, tí ẹ rí i pé ẹsẹ̀ oníjó fẹ́ yẹ̀, kí lẹ máa ń ṣe?"

"A máa ń dúró ni."

"Gbogbo yín?"

"Gbogbo wa ńkọ́? Bí orin bá ṣì ń lọ, ta ni yóò mọ̀ pé nǹkan ń ṣe é? Ṣùgbọ́n bí orin bá ti dá báyìí, kódà àwọn tó ń jẹun lábẹ́ ìbòòji á yọrùn wò."

"Ohun tí a máa ṣe nìyẹn," Fadérera ní. "Ẹ kọjú sí ògiri. Ọwọ́ mi ni kí ẹ máa wò. Orin á máa lọ jẹ́jẹ́, orin ìrìn àjò lásán. Bí ewu bá fẹ́ wọlé, mo máa sọ ọwọ́ kalẹ̀, kí ewu ọ̀hún tó hàn rárá. Ẹ má fi ohunkóhun sílẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ó rọra kú. Ẹ gé e."

Gbádébọ̀ ní ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ ti gbé kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn lé àwọn oníbátìrì lọ́wọ́. Ó jáde, ó sì pa ìlẹ̀kùn dé gbàgà.

Lọ́jọ́ kejì, gbọ̀ngàn kún dé ẹnu ọ̀nà. Ìlà iwájú ni wọ́n máa ń fi àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ gòkè lọ ṣiṣẹ́ ní Pèpéle sí ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti jókòó síbẹ̀ nínú aṣọ iṣẹ́ wọn tó ṣì ń rùn bí aṣọ tuntun. Alàgbà Oyèkànmí jókòó sẹ́yìn wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Elétí. Ọkùnrin kúkurú ni, ó mọ́ tónítóní, ó sì ń kí gbogbo ẹni tó bá kọjá.

Wọ́n rẹ́rìn-ín nígbà tí tánkì omi yọ. Gbádébọ̀ tó dúró sára ògiri di ojú. Fadérera gbé ọwọ́ sókè, orin bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ sì ń lọ. Ẹnì kan nínú èrò ní irú tánkì yẹn wà lẹ́yìn ilé òun, wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Fadérera sọ ọwọ́ kalẹ̀.

Orin gé láàárín gbólóhùn. Àwọn èèyàn wo ara wọn. "Ẹ̀rọ wọn ti bàjẹ́," ni ọkùnrin kan ń sọ lọ́wọ́ nígbà tí òkúta yọ lẹ́yìn ọkọ̀, láìdún, tó sì gbá ìyẹ́ rẹ̀ já. Obìnrin kan ké. Orin tún bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí orin fi máa dá lẹ́ẹ̀kejì, gbogbo ilé ti ń pariwo mọ́ àwọn tó wà nínú ọkọ̀ pé kí wọ́n bojú wẹ̀yìn, àwọn kan tilẹ̀ ń pè wọ́n lórúkọ.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, obìnrin tó ń wa ọkọ̀ jáde síta láti lọ di ìyẹ́ tó já. Iṣẹ́ náà lọ dáadáa. Ó so okùn, ó fà á, ó bojú wo ayé nísàlẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Orin náà dùn níbẹ̀ ju ibikíbi lọ. Fadérera ń gbọ́ ọ, ó wù ú kó máa lọ, ó sì sọ ọwọ́ kalẹ̀.

Kò sí nǹkan kan nínú àwòrán. Obìnrin náà ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ẹnikẹ́ni kò pariwo lọ́tẹ̀ yìí. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà níwájú ló kọ́kọ́ mira. Ọ̀kan yí ọrùn padà, òmíràn yí ọrùn padà, títí gbogbo ìlà náà fi kẹ̀yìn sí àwòrán, tí wọ́n ń wo ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Ojú wọn dé ojú Alàgbà Oyèkànmí, ó sì kọjá rẹ̀, ó ń wá ohun tó ń bọ̀. Òun náà bojú wẹ̀yìn. Ìlẹ̀kùn ló wà níbẹ̀, àti oòrùn ọ̀sán.

Nínú àwòrán, irin kan kọjá lọ, kò dún. Obìnrin náà ti yẹ̀ ẹ́. Elétí tan iná aláwọ̀ ewé, ó ní òun kò gbọ́ ariwo, kò sì sẹ́ni tó wò ó.

Àtẹ́wọ́ pọ̀, ó sì pẹ́. Nígbà tó rọlẹ̀, Fadérera sọ̀kalẹ̀ wá kúnlẹ̀ kí Alàgbà. Bàbá náà ń sunkún, kò sì fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni.

"Wọ́n bojú wẹ̀yìn," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn."

"Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn, sà."

Ó ń wo àwọn ọmọ ìlà iwájú, tí wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ báyìí, tí wọ́n ń bi ara wọn léèrè ta ló kọ́kọ́ bẹ̀rù. "Láoyè ì bá bojú wẹ̀yìn," ó ní.

Fadérera di ọwọ́ rẹ̀ mú.  Alàgbà fi ẹ̀yìn ọwọ́ kejì nu ojú rẹ̀, ó sì wá ẹni tó ni fíìmù náà títí ó fi rí Gbádébọ̀ lára ògiri.

"Ẹ tún un fi hàn wọ́n," ó ní. "Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń gòkè."

Gbádébọ̀ sì lọ dá fíìmù náà padà síbẹ̀rẹ̀.